Ìwòsàn Kì í Ṣe Ẹ̀rí Ẹ̀sìn

Gbogbo ọpẹ́ àti ẹyìn ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí ó dá ẹ̀dá, tí ó mọ àrùn tí ó wà lára rẹ̀, tí ó sì mọ ibi tí ìwòsàn rẹ̀ yóò ti wá. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tẹ̀lé ìlànà wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ń tú ọ̀pọ̀ ilé Mùsùlùmí ká nílẹ̀ Yorùbá láìpariwo. Ọmọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ìyá rẹ̀, tí kì í pa àsàlátù jẹ, yóò ra òògùn díẹ̀ ní kẹ́míìsì. Ara ọmọ kò ní yá. Owó ilé ìwòsàn kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní àsàlátù kò mọ̀ pé ọmọ ń ṣàìsàn. Ní ọjọ́ kẹrin, aládùúgbò kan tí ó jẹ́ Kristẹni yóò wọlé wá kí i, yóò bá a sọkún, yóò sì wí fún un pé, "Ìyá Sulaimọ̀n, ẹ jẹ́ kí á gbé ọmọ yìí lọ sórí òkè. Jésù yóò wò ó sàn." Wọn yóò lọ. Wọn yóò gbààwẹ̀, wọn yóò gbàdúrà, wọn yóò bu omi fún ọmọ mu. Ní ọjọ́ keje, ibà yóò lọ. Ní ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀ lé e, ìyá náà yóò dìde láàárín ìjọ láti jẹ́rìí. Kí ọdún tó yí po, Sulaimọ̀n yóò ti di Samuel, ìyá rẹ̀ yóò sì ti ká ìborí rẹ̀ sínú àpótí.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Kò sí ẹni tí ó bá ìyá yìí jiyàn lórí jíjẹ́ ọ̀kan Ọlọ́hun. Kò sí ẹni tí ó fi ẹ̀rí hàn án pé Ọlọ́hun bímọ tàbí pé a bí I. Ibà ọmọ rẹ̀ ni ó yí i lẹ́sìn padà. Ìbéèrè tí gbogbo ọ̀dọ́ Mùsùlùmí gbọ́dọ̀ lè dáhùn nìyí: bí ara aláìsàn bá yá lẹ́yìn àdúrà, ǹjẹ́ ìyẹn jẹ́ ẹ̀rí pé ẹ̀sìn ẹni tí ó gbàdúrà náà ni òtítọ́? Bí ó bá sì jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rí kí ni ikú ẹni tí wọ́n gbàdúrà kan náà fún tí kò dìde mọ́?

OHUN TÍ KÒ NÍ ÀRÍYÀNJIYÀN

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé Mùsùlùmí ń bá àdúà jà. Ànábì Ibrahim jẹ́wọ́ nínú Súrátù Ṣúáráà (26:80) pé nígbà tí àìsàn bá ṣe òun, Ọlọ́hun ni ó ń wo òun sàn. Ìròyìn tí ó fìdí múlẹ̀ wà nínú ìwé Bukhari pé àwọn sàábé kan ka Súrátù Fátíhà sí olórí ìlú kan lára nígbà tí àkéekèé ta á, tí ara rẹ̀ sì yá. Ànábì kò bá wọn wí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni Mùsùlùmí kò jiyàn pé Ànábì Isa wo afọ́jú àti adẹ́tẹ̀ sàn. Súrátù Al-Imrana (3:49) jẹ́rìí sí i, ṣùgbọ́n ó fi gbólóhùn kan dè é tí kò gbọdọ̀ bọ́ sọnù: pẹ̀lú ìyọ̀ǹda Ọlọ́hun ni.

Nítorí náà, kì í ṣe pé Kristẹni ń gbàdúrà fún aláìsàn ni ẹ̀sùn. Ẹni tí ó bá bẹ Ẹlẹ́dàá fún ara yíyá kò ṣe ohun ẹ̀gàn. Ẹ̀sùn tí ó wà nílẹ̀ jẹ́ méjì. Èkíní ni sísọ ìwòsàn di ìjẹ ẹnu ìwọ̀, tí a fi ń fa ẹni tí ìyọnu bá kúrò nínú ẹ̀sìn rẹ̀ nígbà tí agbára àtironú kò sí lára rẹ̀. Èkejì ni ẹ̀kọ́ tí ó sọ pé ẹni tí ó bá ní ìgbàgbọ́ kò gbọdọ̀ lo òògùn. Ẹ̀kọ́ kejì yìí ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ wá orírun rẹ̀.

IBI TÍ ẸKỌ́ KÍKỌ ÒÒGÙN TI WÁ

Ní ọdún 1918, àjàkálẹ̀ àrùn ìnfúlẹ́ńsà gba gbogbo ayé kan, ó sì dé ilẹ̀ Yorùbá. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà kan ní St. Saviour's, tí J. B. Shadare jẹ́ olórí wọn, tí Sophia Odunlami sì wà lára wọn, kó ara wọn jọ sí ẹgbẹ́ àdúrà láti máa fi àdúrà àti omi wo àwọn tí àrùn náà dá dùbúlẹ̀. Ohun tí ó mú wọn ṣe bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Òògùn kan tí ó kápá àrùn náà kò sí nígbà náà. Àwọn oníṣègùn òyìnbó pàápàá kò tíì mọ ohun tí ń fà á.

Lẹ́yìn náà ni ìwé ìròyìn kan ń ti òkè òkun bọ̀ sọ́wọ́ wọn. Ìjọ Faith Tabernacle, ní ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà, ni ó ń tẹ̀ ẹ́. Ìjọ yìí ń kọ́ni pé Kristẹni tòótọ́ kò gbọdọ̀ fi òògùn kan ẹnu, yálà ti ìbílẹ̀ tàbí ti òyìnbó. Àwọn ará Ìjẹ̀bú-Òde gba ẹ̀kọ́ náà. Ní 1922, wọ́n bá ìjọ Áńgílíkà pínyà, nítorí ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ àti nítorí ọ̀rọ̀ ìwòsàn yìí. Kì í ṣe àwọn ènìyàn yẹpẹrẹ ni ó gba ẹ̀kọ́ náà. Isaac Akinyẹle, tí ó di Olúbàdàn ní 1955, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aṣíwájú wọn ní Ìbàdàn.

Ní 1930, ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Oòyè ní Iléṣà. Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ẹni tí ó ti ń wa ẹ̀rọ tí ń tẹ títì fún ìjọba tẹ́lẹ̀, ni oníwàásù náà. Èrò ń wọ́ wá láti ilẹ̀ jíjìn, oníkálùkù gbé omi dání kí wòlíì lè gbàdúrà sí i. Nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí wọn, àwọn aṣíwájú wá alágbàtà, wọ́n sì so pọ̀ mọ́ ìjọ Apostolic ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1932, àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó láti inú ìjọ náà dé láti máa gbé láàárín wọn.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dàrú. Àwọn òyìnbó náà ń wàásù pé Jésù ń wo àrùn gbogbo sàn, ṣùgbọ́n wọ́n ń lo kúníìnì nítorí ibà. Àwọn aṣíwájú Yorùbá rí i, wọ́n sì bi wọ́n léèrè: bí Ọlọ́run bá tó láti wo aláwọ̀ dúdú sàn láìlo òògùn, kí ni ẹ̀yin ń fi kúníìnì ṣe? Láàárín 1939 sí 1941, wọ́n pínyà. Ọ̀rọ̀ agbára àti àkóso wà nínú ìjà náà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kúníìnì ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbilẹ̀ jù. Àwọn tí ó kọ kúníìnì ni ó di Christ Apostolic Church, tí ìjọba forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1943.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe òdodo yóò gbà pé ìbéèrè àwọn aṣíwájú Yorùbá mọ́gbọ́n dání. Ẹnu tí ó ń sọ fún tálákà pé kí ó má lo òògùn kò yẹ kí ó máa gbé kúníìnì mì ní kọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n rí àgàbàgebè náà, ìdáhùn òdì ni wọ́n mú. Dípò kí wọ́n sọ pé, "Ó yẹ kí gbogbo wa lo òògùn kí á sì gbàdúrà," ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Ó yẹ kí gbogbo wa kọ̀ ọ́."

ỌKỌ̀ MÉJÌ LÓRÍ ODÒ ỌYA

Kúníìnì kì í ṣe nǹkan àràmàǹdà. Èèpo igi kan tí ń hù ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń yọ ọ́ jáde. Àwọn ará Faransé méjì, Pelletier àti Caventou, ni ó kọ́kọ́ yọ ọ́ ní 1820. Ta ni ó dá igi náà? Ta ni ó fi ohun tí ń pa ibà sí ara èèpo rẹ̀? Ẹni tí ó bá sọ pé ẹni tí ó jẹ ẹ́ ti kọ Ọlọ́hun sílẹ̀, kí ó sọ ẹlẹ́dàá mìíràn tí ó gbin ín.

Ìtàn kan wà tí ó yẹ kí àwọn Kristẹni Yorùbá mọ̀ ju ẹlòmíràn lọ, nítorí pé Samuel Ajayi Crowther, ẹni tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá, wà níbẹ̀ nígbà méjèèjì. Ní 1841, àwọn Gẹ̀ẹ́sì wa ọkọ̀ ojú omi lọ sórí Odò Ọya. Crowther bá wọn lọ. Ibà bá àwọn òyìnbó náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kú. Ní 1854, ọkọ̀ mìíràn tún lọ lábẹ́ Dókítà Baikie. Crowther tún wà nínú rẹ̀. Ní ìgbà yìí, wọ́n ń fún àwọn èrò ọkọ̀ ní kúníìnì kí ibà tó dé. Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀, òyìnbó kan ṣoṣo kò kú.

Kristẹni tí ń gbàdúrà wà nínú ọkọ̀ ti àkọ́kọ́. Kristẹni tí ń gbàdúrà wà nínú ọkọ̀ ti ẹ̀ẹ̀kejì. Ìgbàgbọ́ Crowther kò kéré ní 1841 kí ó tó pọ̀ ní 1854. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé, ní ẹ̀ẹ̀kejì, wọ́n mú ohun tí Ọlọ́hun fi sí ara igi, wọ́n sì lò ó.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ PHILADELPHIA

Àwọn kan yóò sọ pé ìtàn àtijọ́ ni èyí. Ó dára. Ẹ jẹ́ kí á padà sí ìlú tí ẹ̀kọ́ náà ti wá. Ní 1991, àrùn ìta, tí àwọn mìíràn ń pè ní èèyi, bẹ́ sílẹ̀ ní Philadelphia. Àwọn ọmọdé mẹ́sàn-án kú. Ó ju ìdajì wọn lọ tí ó jẹ́ ọmọ inú ìjọ méjì tí ó kọ abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ó sì kọ òògùn. Faith Tabernacle sì ni ọ̀kan nínú méjèèjì. Kì í ṣe pé abẹ́rẹ́ kò sí. Kì í ṣe pé owó kò sí, tàbí pé ilé ìwòsàn jìnnà. Àwọn òbí wọn ń gbàdúrà lórí wọn tọkàntọkàn títí wọ́n fi kú. Ilé ẹjọ́ ni ó pàṣẹ kí wọ́n tó lè fún àwọn ọmọ tí ó ṣẹ́kù ní ìtọ́jú àti abẹ́rẹ́.

Kò sí Mùsùlùmí kan tí ó gbọdọ̀ yọ̀ sí ikú àwọn ọmọ wọ̀nyí. Ọmọ aláìṣẹ̀ ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ń bẹ: ta ni yóò sọ pé àwọn òbí tí ó jókòó ti ọmọ wọn títí ẹ̀mí fi bọ́, tí wọn kò yẹsẹ̀ kúrò nínú ẹ̀kọ́ wọn, kò ní ìgbàgbọ́? Bí ìgbàgbọ́ nìkan bá ni òògùn ìta, ọmọ wọn kan kì bá tí kú.

Àárín àwọn Mùsùlùmí ni ẹni tí ó kọ́kọ́ kọ ìwé tí ó ya ìta sọ́tọ̀ kúrò lára ìgbóná ti wá. Al-Razi ni orúkọ rẹ̀, ó sì kú ní nǹkan bí ọdún 925. Àwọn onímọ̀ ìgbà náà kò rí i pé àkíyèsí ara aláìsàn tako ìgbẹ́kẹ̀lé Ọlọ́hun. Ohun tí ó mú wọn wá òògùn kiri ni pé Ànábì ti jẹ́ kí ó yé wọn pé kò sí àrùn tí Ọlọ́hun sọ̀ kalẹ̀ tí kò sọ ìwòsàn rẹ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí àwọn ará oko Lárúbáwá bi í bóyá kí àwọn máa tọ́jú ara àwọn, ó pàṣẹ fún wọn pé kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ ogbó nìkan ni ó yọ sílẹ̀. Ó tọ́ka Sa'd ọmọ Abu Waqqas sí ọ̀dọ̀ Harith ọmọ Kalada tí ó jẹ́ oníṣègùn. Ẹni tí ó sì bi í bóyá kí òun so ràkúnmí òun tàbí kí òun fi sílẹ̀ kí òun gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́hun, ó kọ́ ọ pé kí ó so ó, kí ó sì tún gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́hun. Òògùn ni okùn tí a fi so ràkúnmí. Àdúà ni ìgbẹ́kẹ̀lé. Èkíní kò lé èkejì jáde.

ÌWÉ WỌN ÀTI IṢẸ́ WỌN JẸ́RÌÍ

Kì í ṣe Àlùkùránì nìkan ni ó tako ẹ̀kọ́ kíkọ òògùn. Bíbélì tí wọ́n gbé dání tako ó. Nínú Àwọn Ọba Kejì orí 20, Ọlọ́run ti ṣèlérí fún Hesekáyà pé yóò sàn, yóò sì tún lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí i. Síbẹ̀ wòlíì Àìsáyà pàṣẹ pé kí wọ́n fi èso ọ̀pọ̀tọ́ lẹ oówo rẹ̀. Pọ́ọ̀lù pe Lúùkù ní oníṣègùn, kò sì sọ pé kí ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ó gba Tímótì nímọ̀ràn ohun tí yóò lò nítorí inú rẹ̀ tí ń dà á láàmú. Ó fi Tírófímù sílẹ̀ ní Mílétù nínú àìsàn. Bí ó bá jẹ́ pé àìsàn tí kò lọ jẹ́ àmì àìnígbàgbọ́, ìgbàgbọ́ ta ni kò pé níbẹ̀: ti Tírófímù ni tàbí ti Pọ́ọ̀lù?

Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn Kristẹni mìíràn náà tako ó. Àwọn Kátólíìkì ní ilé ìwòsàn ní Abẹ́òkúta láti 1895. Àwọn Onítẹ̀bọmi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwòsàn ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1907. Ní Iléṣà gan-an, ìlú tí ìsọjí 1930 ti bẹ́ sílẹ̀, ni àwọn Mẹ́tọ́díìsì ti dá ilé ìwòsàn Wesley Guild sílẹ̀. Láti ibẹ̀ ni Dókítà David Morley ti lọ ṣiṣẹ́ ní Ìmẹ̀sí-Ilé ní òpin àwọn ọdún 1950. Ó ń wọn ọmọdé lóṣooṣù, ó ń fi ìwọ̀n wọn hàn lórí káàdì tí ìyá ọmọ ń tọ́jú, ó sì ń bá ìta, ibà àti ìgbẹ́ gbuuru jà. Ikú ọmọdé dínkù púpọ̀ ní ìlú náà. Káàdì bẹ́ẹ̀ ni ìyá púpọ̀ káàkiri ayé ń mú lọ sí ilé ìgbẹ̀bí títí di òní.

Nítorí náà, kí ọ̀dọ́ Mùsùlùmí má ṣe kó gbogbo Kristẹni pọ̀ sínú ẹ̀sùn kan. Nínú àwọn ìjọ Aláàdúrà pàápàá, àwọn tí ń lọ sí ilé ìwòsàn lónìí kò kéré. Ẹ̀kọ́ náà ni a ń bá wí, àti àwọn tí ó ṣì ń fi í dẹ́rù ba aláìsàn.

ÒKÚ KÌ Í JẸ́RÌÍ

Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀rí tí a ń gbọ́ ńkọ́? Ẹni tí ó ń rọ tẹ́lẹ̀ tí ó ti ń rìn, àgàn tí ó ti bí, ọmọ tí ibà rẹ̀ ti lọ?

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí á rántí ni pé ẹni tí ara rẹ̀ yá ni ó ń dìde jẹ́rìí. Ẹni tí ó kú kì í dìde. Bí ọgọ́rùn-ún aláìsàn bá gun òkè, tí ogún bá kú, tí ọgbọ̀n bá padà sílé bí wọ́n ti wá, tí ara àádọ́ta sì yá, ohùn àádọ́ta nìkan ni ìjọ yóò gbọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àádọ́ta náà ni ara wọn ì bá yá bí wọ́n bá dùbúlẹ̀ sínú ilé, nítorí pé Ọlọ́hun ti dá ara ènìyàn pẹ̀lú agbára láti bá ọ̀pọ̀ àrùn jà fúnra rẹ̀.

Ẹ wo orúkọ tí àwọn àgbà Yorùbá fún àrùn tí ó ń mú egungun ọmọ láti inú ẹ̀jẹ̀: fòníkú-fọ̀ladìde. Nínú orúkọ náà ni ìwà àrùn náà wà. Ìrora yóò dé, ọmọ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ yóò rọlẹ̀, ọmọ yóò dìde. Bí wọ́n bá gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ sórí òkè nígbà tí ìrora dé, dandan ni kí ẹ̀rí jáde níbẹ̀. Wọn yóò sọ fún ìyá rẹ̀ pé àrùn ti lọ pátápátá, kí ó da òògùn nù. Àrùn kò lọ. Ó ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀, yóò sì tún padà. Nígbà tí ó bá padà, òògùn tí ì bá ràn án lọ́wọ́ ti wà lórí ààtàn.

Ìjọba Nàìjíríà pàápàá rí ewu inú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 2004, àjọ NBC tí ń ṣàkóso ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n pàṣẹ pé kí wọ́n dẹ́kun fífi iṣẹ́ ìyanu tí kò ní ẹ̀rí tí ó ṣeé gbà hàn lórí afẹ́fẹ́.

Ohun kejì ni ìdáhùn tí wọ́n máa ń fún ẹni tí kò sàn. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní oògùn tí kò jẹ́, ewé rẹ̀ ni kò pé. Lórí òkè, ìgbàgbọ́ ni ewé tí kì í pé. Bí ara bá yá, iṣẹ́ wòlíì ni. Bí kò bá yá, ẹ̀bi aláìsàn ni. Ìdájọ́ wo ni ó burú ju èyí lọ, kí ènìyàn máa jẹ̀rora tọ̀sán-tòru, kí wọ́n sì tún dì í lẹ́rù pé òun ni ó fa ìyà fún ara rẹ̀?

Ìsìláàmù kò di irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lé aláìsàn lórí. Obìnrin kan tí wárápá ń gbé ṣánlẹ̀ wá bá Ànábì pé kí ó tọrọ ìwòsàn fún òun. Ànábì fi ohun méjì lọ̀ ọ́: bí ó bá fẹ́, kí ó ṣe sùúrù kí Alujánnà sì jẹ́ ti rẹ̀, bí ó bá sì fẹ́, òun yóò tọrọ ìwòsàn fún un. Ó yan sùúrù. Ohun tí ó bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ìhòòhò òun má máa hàn nígbà tí ó bá ṣẹlẹ̀. Obìnrin náà kò sàn, síbẹ̀ ó wà nínú àwọn tí a ṣèlérí Alujánnà fún. Ibrahim, ọmọ Ànábì fúnra rẹ̀, kú ní ọmọ ọwọ́, omijé sì ń bọ́ lójú bàbá rẹ̀. Nígbà tí oòrùn wọ òkùnkùn lọ́jọ́ náà, tí àwọn ènìyàn ń sọ pé nítorí ikú ọmọ náà ni, Ànábì kọ̀ ọ́. Ó ní oòrùn àti òṣùpá kì í wọ òkùnkùn nítorí ikú ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá ń wá ẹ̀rí òtítọ́ inú ẹ̀sìn, kí ó wá a níbẹ̀: ní ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ kú, Ànábì kò jẹ́ kí wọ́n sọ ohun tí kì í ṣe òtítọ́ di iṣẹ́ ìyanu fún òun.

BÍ ÒGIRI KÒ BÁ LANU

Yorùbá tún bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ inú rẹ̀. Ó kù kí á yẹ ògiri Mùsùlùmí wò.

Ìyá Sulaimọ̀n kò kọ́kọ́ gba òkè lọ. Ẹni tí ó wá kí i ni ó tẹ̀lé. Nínú gbogbo ọjọ́ mẹ́rin náà, lèmọ́mù kò dé ibẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ àsàlátù kò dé ibẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tí ń jiyàn lórí Mẹ́talọ́kan ní gbogbo ìkóríta kò dé ibẹ̀. Síbẹ̀ hádíìsì kan wà nínú ìwé Muslim pé ní ọjọ́ àjíǹde, Ọlọ́hun yóò bi ẹrúsìn léèrè ìdí tí kò fi bẹ Òun wò nígbà tí Òun ń ṣàìsàn. Yóò sì ṣàlàyé fún un pé ẹrúsìn Òun kan ni ó dùbúlẹ̀ àìsàn, àti pé bí ó bá bẹ ẹni náà wò ni, ì bá rí Òun níbẹ̀. Kí ni ẹni tí ó ń kí ìrun ní sàfù àkọ́kọ́ yóò fi dáhùn ìbéèrè yìí?

Èyí tí ó tún burú jù ni ti àwọn àfáà kan. Wòlíì ń bù omi, àwọn náà ń fọ wàláà fún aláìsàn mu. Wòlíì ń rí ìran, àwọn náà ń tẹ yanrìn. Wòlíì ń sọ pé kí wọ́n da òògùn nù, àwọn náà ń sọ pé tírà tí a so mọ́ ìdí ti tó. Wọ́n ń gba àgbò àti owó lọ́wọ́ ẹni tí kò rí owó ra òògùn ibà. Ànábì ti kìlọ̀ pé síso ońdè mọ́ra jẹ́ ẹbọ. Ó sì tún fi yé ni pé ẹni tí ó bá ń ṣe ìwòsàn láìjẹ́ pé a mọ̀ ọ́n mọ iṣẹ́ náà, òun ni yóò ru ẹrù ohun tí ó bá bàjẹ́. Ẹnu wo ni ẹni tí ó fi ońdè sọ́rùn ọmọ rẹ̀ yóò fi bá aládùúgbò rẹ̀ wí nítorí omi òkè? Ẹ̀kọ́ kan náà ni ó mú àwọn méjèèjì: pé ọwọ́ ènìyàn kan pàtó ni ìwòsàn wà.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ Ọ̀DỌ́ MÙSÙLÙMÍ ṢE

Kí jàmáà kọ̀ọ̀kan yan àwọn ọ̀dọ́ tí yóò máa wádìí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ẹni tí ó ń ṣàìsàn ní àdúgbò, kí wọ́n sì lọ kí i kí ilẹ̀ tó ṣú. Kí wọ́n má ṣe lọ lọ́wọ́ òfo. Kí àpótí kan wà tí sàdáà inú rẹ̀ jẹ́ ti òògùn àti owó ilé ìwòsàn nìkan. Náírà díẹ̀díẹ̀ láti ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn tó láti wo ibà ọmọ kan sàn.

Kí àwọn obìnrin inú àsàlátù mọ ọjọ́ tí wọ́n ń fún ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí wọ́n sì máa kéde rẹ̀ bí wọ́n ti ń kéde ọjọ́ wàásù. Kí ẹni tí ó fẹ́ gbé ìyàwó lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nítorí fòníkú-fọ̀ladìde. Kí wọ́n kọ́ ọmọ ní àdúà tí Ànábì fi ń tọrọ ìwòsàn, kí ìyá máa fi ọwọ́ pa ọmọ rẹ̀ lára pẹ̀lú rẹ̀, lẹ́yìn tí ó bá ti fún un ní òògùn ní àsìkò.

Bí Kristẹni bá sì wá gbàdúrà fún aláìsàn Mùsùlùmí, kò sí èébú nínú rẹ̀. Kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún inú rere rẹ̀, kí wọ́n sì fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé Ẹni tí ó ni ìwòsàn kò bímọ, a kò sì bí I, kò sì béèrè ìyípadà ẹ̀sìn lọ́wọ́ ọmọ tí ibà mú kí ó tó wò ó sàn. Ó ń wo Mùsùlùmí sàn, ó ń wo Kristẹni sàn, ó ń wo ẹni tí kò mọ̀ Ọ́n rárá sàn. Òjò Rẹ̀ kì í rọ̀ sí oko ẹnì kan kí ó fo ti ẹnì kejì. Bí ìwòsàn bá jẹ́ ẹ̀rí ẹ̀sìn, gbogbo ẹ̀sìn ayé ni ì bá jẹ́ òtítọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọmọ tí ó ń gbóná lálẹ́ òní kò lè dúró kí àwọn àgbà jiyàn tán. Kí ẹni tí ó bá gbọ́ ẹkún rẹ̀ dìde, kí ó gbé e lọ sí ibi tí òògùn wà, kí ó sì máa tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́hun bí ó ti ń lọ lójú ọ̀nà.

Kí Ọlọ́hun, Oníwòsàn, wo gbogbo aláìsàn sàn, kí ó fún àwọn tí ìwòsàn wọn kò tíì dé ní sùúrù, kí ó sì tọ́ gbogbo Mùsùlùmí sí ọ̀nà tààrà. Àmín.